Ibi Tí Àárín Yúróòpù Wà

Bí olólùfẹ́ ráàlì mẹ́ta bá pàdé lẹ́bàá títì nínú igbó, tí ọ̀kan jẹ́ ará Ṣẹ́ẹ̀kì, tí èkejì jẹ́ ará Pólàndì, tí ẹ̀kẹta sì ti Ọ́stríà wá, àríyànjiyàn á ti bẹ́ sílẹ̀ kí ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó kọjá níwájú wọn. Kì í ṣe lórí awakọ̀ o, kì í sì í ṣe lórí taya. Ibi tí Àárín Gbùngbùn Yúróòpù ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí ni wọ́n máa ń fà mọ́ra wọn lọ́wọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ ìròyìn ìdíje mọ́tò, n kò sì tíì rí ọ̀rọ̀ mìíràn tó ń mú orí àwọn èèyàn wọ̀nyí gbóná tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ní Toyota sàn ju Hyundai lọ, wọ́n á fi ṣe yẹ̀yẹ́, ó parí. Ẹni tó bá pe Prague ní ìlú Ìlà-Oòrùn Yúróòpù, ojú á korò, ẹnì kan á sì yọ máàpù jáde nínú fóònù.

Ráàlì tó dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ ni Central European Rally. Oṣù Kẹwàá ọdún 2023 ló kọ́kọ́ wọ inú ìdíje ráàlì àgbáyé, WRC. Orílẹ̀-èdè mẹ́ta ló jọ ni ín: Jámánì, Ọ́stríà àti Ṣẹ́ẹ̀kì. Passau ni ibùdó rẹ̀, ìlú kan ní Bavaria níbi tí odò mẹ́ta ti pàdé, tí ẹnubodè Ọ́stríà sì wà nítòsí pẹ́kípẹ́kí. Lọ́dún àkọ́kọ́ yẹn, Prague ni wọ́n ti gbéra, orí pápá eré ẹṣin tó wà ní Velká Chuchle ni wọ́n sì ti kọ́kọ́ sáré. Thierry Neuville ló gbẹ̀yẹ, ṣùgbọ́n ipò kejì tí Kalle Rovanperä gbà ti tó láti sọ ọ́ di ọ̀gá àgbáyé fún ìgbà kejì. Ṣáájú ìgbà náà, Jámánì ti ní ráàlì WRC tirẹ̀ títí di 2019. Ọ́stríà kò gbàlejò ìdíje náà mọ́ láti 1973, ọdún tí wọ́n dá a sílẹ̀. Ṣẹ́ẹ̀kì kò ní in rí rárá, bẹ́ẹ̀ ráàlì Barum tí wọ́n ń sá ní Zlín láti 1971 jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó lókìkí jù ní Yúróòpù.

Inú àwọn mẹ́ta yìí dùn. Àwọn aládùúgbò wọn ló gbé ojú sókè. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, ará Pólàndì sì ń béèrè pé ilé ta ni wọ́n wò. Ráàlì Pólàndì bẹ̀rẹ̀ ní 1921; Monte-Carlo ti 1911 nìkan ni wọ́n máa ń sọ pé ó ṣáájú rẹ̀ láyé. Ní 2024, wọ́n dá ráàlì wọn padà sínú WRC fún ọdún kan péré, ní Mikołajki, àwọn àjèjì oníròyìn kan sì ń pè é ní ráàlì Ìlà-Oòrùn. Kí ló wá sọ Passau di Àárín tó sọ Pólàndì di Ìlà-Oòrùn? Ará Họ́ngárì àti ará Sìlòfákíà náà ní ẹjọ́ tiwọn.

Àwọn tó fẹ́ràn ìwé á sáré lọ bá Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Èyí ló máa ń pa mí lẹ́rìn-ín jù. Ẹ̀ka ìṣirò àjọ náà pín Yúróòpù sí mẹ́rin: Àríwá, Gúúsù, Ìwọ̀-Oòrùn, Ìlà-Oòrùn. Kò sí Àárín kankan níbẹ̀. Jámánì àti Ọ́stríà bọ́ sí Ìwọ̀-Oòrùn, Ṣẹ́ẹ̀kì bọ́ sí Ìlà-Oòrùn pẹ̀lú Pólàndì, Họ́ngárì àti Rọ́ṣíà. Ní ti ìwé yẹn, ńṣe ni ọkọ̀ ráàlì tó kúrò ní Passau tó lọ sáré ní Klatovy ti Ìwọ̀-Oòrùn bọ́ sí Ìlà-Oòrùn láìfẹsẹ̀ kan Àárín. Àjọ náà fúnra rẹ̀ sọ pé torí àtikó iye jọ lòun ṣe pín in bẹ́ẹ̀, pé kò ní ìtumọ̀ òṣèlú. Ta ló máa ń ka ìyẹn? Orúkọ nìkan ni gbogbo ayé ń mú lọ.

Ará Ṣẹ́ẹ̀kì kì í pẹ́ fèsì. Ó ní kẹ́ ẹ wo máàpù dáadáa: Prague wà ní ìwọ̀-oòrùn Vienna. Òótọ́ ni. Ẹni tó bá fẹ́ ti Prague lọ sí Vienna, ìhà ibi tí oòrùn ti ń yọ ló ń kọjú sí. Síbẹ̀ kò sẹ́ni tó ń pe Vienna ní Ìlà-Oòrùn.

Bó bá sì jẹ́ pé okùn la fẹ́ fi wọn àárín, ẹ̀yin ará, àárín pọ̀ ju ẹyọ kan lọ. Abúlé Kremnické Bane ní Sìlòfákíà ní òun ni ojú àárín Yúróòpù. Suchowola ní Pólàndì ti ń sọ ti ẹ̀ láti nǹkan bí 1775. Ìjọba Ọ́stríà òun Họ́ngárì ri òkúta kan mọ́lẹ̀ ní 1887 ní Dilove, tó ti di ilẹ̀ Yukréìnì báyìí. Àwọn ará Faransé tó mọ ìwọ̀n ilẹ̀ sọ ní 1989 pé Purnuškės ní Lituéníà ni. Abúlé kan sì wà ní erékùṣù Saaremaa ní Ẹstóníà tí òun náà gbé àsíá sókè, ibẹ̀ sì ni erékùṣù tí wọ́n bí Ott Tänak sí, ẹni tó gba Central European Rally ti 2024. Ọ̀rọ̀ náà dá lórí ibi tẹ́ ẹ bá pè ní etí Yúróòpù: ṣé ẹ ó ka àwọn erékùṣù inú òkun, àbí ẹ ò ní kà wọ́n? Bí etí bá ti ń sún, àárín náà á máa sún. Ráàlì tí ń jẹ́ orúkọ Àárín Yúróòpù kò tíì kan ọ̀kankan nínú gbogbo ibi wọ̀nyí.

Ohun kan tún wà tí àwọn ọ̀dọ́ kì í rántí. Central European Rally yìí kọ́ ni ráàlì àkọ́kọ́ tí yóò mú orúkọ náà. Ní Oṣù Kejìlá 2007, wọ́n pa ará Faransé mẹ́rin tó ń rìnrìn àjò afẹ́ ní Moriténíà, ilẹ̀ tí ráàlì Dakar fẹ́ là kọjá. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin Oṣù Kìn-ín-ní 2008, tó ku ọ̀la kí Dakar gbéra ní Lisbon, àwọn tó ni ín fagi lé gbogbo rẹ̀. Kí owó àwọn èèyàn má baà ṣòfò, wọ́n ṣètò òmíràn ní Oṣù Kẹrin ọdún yẹn, wọ́n sì sọ ọ́ ní Central Europe Rally. Budapest ni wọ́n ti gbéra, wọ́n wọ Ròmáníà, wọ́n padà wá parí sí ẹ̀bá adágún Balaton. Carlos Sainz ló gbẹ̀yẹ nínú àwọn tó wa mọ́tò. Orúkọ kan náà nìyẹn, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló wà láàárín méjèèjì, orílẹ̀-èdè tó wà nínú ti àkọ́kọ́ kò sí ẹyọ kan tó wà nínú ti ìkejì. Kò sì sí ará Jámánì tó bínú ní 2008 pé wọ́n yọ òun kúrò ní Àárín Yúróòpù. Ẹni tí àyè rẹ̀ dájú kì í jà fún un.

Ojú títì ni olólùfẹ́ ráàlì fi ń mọ ilẹ̀, ìdí nìyẹn tí òun fi ní ìwọ̀n kan tí olùkọ́ jọ́gíráfì kò ní. Ẹ wá dúró sí kọ́nà kan ní Bavaria lọ́jọ́ tí òjò Oṣù Kẹwàá bá rọ̀. Ọ̀nà oko tóóró ni, wọ́n yọ́ ọ̀dà sí i, koríko wà lápá méjèèjì. Awakọ̀ tó fẹ́ dín àkókò rẹ̀ kù kì í tẹ̀ lé ọ̀dà yí kọ́nà náà pátá; inú koríko ló máa gbà gé e kúrú. Taya á ha ẹrẹ̀ jáde, á tẹ́ ẹ sórí ọ̀dà. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ kọjá, ọ̀nà ṣì dúdú, ó ń dán. Nígbà tí ìkẹrin bá dé, ẹrẹ̀ ti kọjá àárín ọ̀nà. Nígbà tí ìkẹwàá bá dé, ẹ̀ ń gbọ́ bí awakọ̀ ṣe ń yọ ẹsẹ̀ lórí iná kí ó tó yọ sí yín, torí ó mọ̀ pé ọ̀dà ti di ọṣẹ. Àwọn kan wà tí iṣẹ́ tiwọn ni láti ṣáájú wo ọ̀nà kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé tí a óò kà fún awakọ̀ pé ẹrẹ̀ wà níhìn-ín, yinyin wà lọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ tí ọkọ̀ mẹ́sàn-án yóò fà jáde lẹ́yìn tí wọ́n ti kọjá, kò sí ìwé tó lè gbé e.

Ní Fínlándì, ní Ẹstóníà, ní Mikołajki ti Pólàndì, ìdàkejì ni. Erùpẹ̀ ni ọ̀nà wọn, òkúta wẹ́wẹ́ wà lójú rẹ̀. Ẹni tó bá ṣáájú ló ń gbálẹ̀ fún àwọn tó kù. Taya rẹ̀ ń yọ̀, àwọn tó wà lẹ́yìn sì ń sáré lórí ilẹ̀ tó ti mọ́. Ìyẹn ni àwọn olólùfẹ́ kan fi pín Yúróòpù sí méjì tó rọrùn: ilẹ̀ tí ìṣáájú ti jẹ́ èrè, àti ilẹ̀ tí ìṣáájú ti jẹ́ ìyà. Ní tiwọn, Àárín Yúróòpù ni ibi tí ẹrẹ̀ ti ń gun ọ̀dà. Mo fẹ́ràn ìpín yìí torí ó ṣeé fojú rí, ṣùgbọ́n ó ní àbùkù tirẹ̀: bí a bá tẹ̀ lé e, Croatia tó wà nínú WRC láti 2021 sí 2024, tí ọ̀nà rẹ̀ kún fún ẹrẹ̀ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, ti di Àárín Yúróòpù, Pólàndì sì ti bọ́ sí Àríwá. Ará Croatia á gbà lọ́jọ́ yẹn. Ará Pólàndì á fi ìbínú lọ sílé.

Ìbínú yẹn kò ti ara ọ̀nà wá. Ẹni tó bá ti lé ní àádọ́ta ọdún ní Ṣẹ́ẹ̀kì rántí ìgbà tí kò gbọ́dọ̀ dé igbó Šumava, igbó yẹn gan-an tí ọkọ̀ ráàlì wá là kọjá lẹ́yìn náà. Ẹnubodè ni nígbà náà, wáyà ẹlẹ́gùn-ún, àwọn ọmọ ogun, abúlé tí wọ́n kó èèyàn rẹ̀ kúrò tí wọ́n sì wó lulẹ̀. Títí di 1989 ló fi wà bẹ́ẹ̀. Milan Kundera, òǹkọ̀wé ọmọ Ṣẹ́ẹ̀kì, kọ àròkọ kan ní 1983 láti ìlú Faransé tó wà. Ohun tó ń sọ ni pé ará Prague, ará Warsaw àti ará Budapest kì í ṣe ará Ìlà-Oòrùn rí, pé agbára Mọ́síkò ló fà wọ́n síbẹ̀. Fún irú èèyàn bẹ́ẹ̀, Ìlà-Oòrùn kì í ṣe ibi tí oòrùn ti ń yọ mọ́. Ogójì ọdún tí wọ́n ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n bí ní 2000 kò rí wáyà náà, ṣùgbọ́n ó gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá rẹ̀, òun náà sì ń bínú pẹ̀lú rẹ̀.

Ní Oṣù Kejìlá 2007 ni Ṣẹ́ẹ̀kì wọ ètò Schengen tó fòpin sí àyẹ̀wò ní ẹnubodè. Bí kò bá sí èyí, ráàlì orílẹ̀-èdè mẹ́ta kì bá tí ṣeé ṣe bí wọ́n ṣe ṣe é. Láàárín abala ìdíje kan sí òmíràn, ọkọ̀ ráàlì ní nọ́ńbà bíi tèmi tìẹ, ó ń dúró níbi iná pupa, ó ń tò sẹ́yìn tírákítọ̀. Mo ti rí i tí ọkọ̀ tó ń kó ẹran málúù kan dí awakọ̀ olókìkí lọ́nà ní ẹ̀gbẹ́ ẹnubodè, tí kò sì sí ohun tó lè ṣe ju kó máa wo aago.

Àwọn ará Ẹstóníà kò tilẹ̀ fẹ́ Àárín. Àríwá ni wọ́n ń fẹ́. Toomas Hendrik Ilves, nígbà tó jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè wọn ní 1999, lọ sí Stockholm lọ sọ ọ́ ní gbangba pé orílẹ̀-èdè Àríwá ni Ẹstóníà. Olólùfẹ́ ráàlì níbẹ̀ kò nílò mínísítà: ó ní ọ̀nà wa dà bíi ti Fínlándì, èdè wa súnmọ́ tiwọn, Tänak sì di ọ̀gá àgbáyé ní 2019 bí àwọn ọmọ Fínlándì ti ń dà á tẹ́lẹ̀. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbà pẹ̀lú wọn, ó fi wọ́n sí Àríwá. Ṣùgbọ́n ó fi Látífíà àti Lituéníà pẹ̀lú, ìyẹn kò sì dùn mọ́ wọn tó bẹ́ẹ̀.

Ta ló wá ń fa ìlà gan-an? Mo ti wá gbà pé owó ni, àti iṣẹ́ tó ń ti ẹ̀yìn rẹ̀ wá. Ẹni tó ni ẹrú ló ni ẹrù. Ráàlì WRC kan ń ná owó tabua: ọlọ́pàá, oníṣègùn, ọkọ̀ òfuurufú, títì tí wọ́n bà jẹ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ tún ṣe. Ẹgbẹ́ onímọ́tò mẹ́ta da owó àti èèyàn pọ̀ kí ó lè rọrùn, wọ́n sì wá orúkọ tí kò ní bí ẹnikẹ́ni nínú wọn nínú. Wọn kò bá òpìtàn sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni FIA, àjọ tó ń darí ìdíje mọ́tò lágbàáyé, ṣe ń ṣe. Sáípúrọ́ọ̀sì wà nínú Ìṣọ̀kan Yúróòpù láti 2004, síbẹ̀ ráàlì rẹ̀ wà lára ìdíje Middle East pẹ̀lú Jọ́dánì àti Kàtà. Dakar fúnra rẹ̀ kúrò ní Áfíríkà lẹ́yìn 2008, ó lọ sí Gúúsù Amẹ́ríkà, láti 2020 ó ti wà ní Saudi Arabia, ó ṣì ń jẹ́ orúkọ olú-ìlú Sẹ̀nẹ̀gà.

Àwa ọmọ Áfíríkà ni kò yẹ kó yà lẹ́nu. Ráàlì Safari bẹ̀rẹ̀ ní 1953 láti fi ṣàmì oyè Ọbabìnrin Elizabeth, Kẹ́ńyà, Ùgáńdà àti Tanganyika ló sì ń là kọjá. Ìlà-Oòrùn Áfíríkà ni wọ́n pè é, torí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ló ń ṣàkóso mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nígbà tó yá, ó di ti Kẹ́ńyà nìkan, orúkọ Ìlà-Oòrùn Áfíríkà sì bọ́ kúrò lára rẹ̀. Ẹ wo ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Ìlà-Oòrùn Áfíríkà lónìí: Kóńgò tí olú-ìlú rẹ̀ jẹ́ Kinshasa wọ inú rẹ̀ ní 2022, ìyẹn ni pé Ìlà-Oòrùn Áfíríkà ti dé etí òkun Àtìláńtíìkì. Moriténíà wà nínú ECOWAS títí di 2000. Ní Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà, Àríwá ni wọ́n kà á sí.

Èyí tó dùn mí jù ni ti 2025, nígbà tí WRC lọ sí erékùṣù Canary. Gran Canaria ni wọ́n ti sáré, Rovanperä ló sì gbẹ̀yẹ. Nínú ìwé ìròyìn gbogbo, ráàlì Yúróòpù ni. Erékùṣù tó súnmọ́ Áfíríkà jù nínú wọn kò ju nǹkan bí ọgọ́rùn-ún kìlómítà sí etíkun Mòrókò. Madrid lé ní 1,500. Safari nìkan ni wọ́n kà fún Áfíríkà lọ́dún náà. N kò sọ pé kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ Spéìn o, àwọn ará ibẹ̀ ò fẹ́ ẹ. Mo kàn ń sọ pé bó bá jẹ́ okùn ni wọ́n fi ń wọ̀n, tiwa ni.

Àbúrò kan, ọmọ Ọ̀fà tó ń ṣiṣẹ́ ní Munich, tó sì máa ń wa mọ́tò lọ wòran ní Passau, pè mí lẹ́yìn irú ìjà bẹ́ẹ̀ kan. “Ẹ̀gbọ́n, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá ara wọn lójú. Èmi kàn ń rẹ́rìn-ín ni.” Mo ní kí ló ń pa á lẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ò mọ̀ pé Àárín Gbùngbùn Àríwá lèmi náà ti wá ni? Yorùbá pọ́nńbélé, tí Òṣogbo ò jìnnà sí ilé wa. Bí wọ́n bá ń pín nǹkan l'Ábújá, Àríwá ni mí. Bí ìyá mi bá ń kì mí, ta ló rántí Àríwá?” Ẹ lè bi àwọn ará Kàbà náà léèrè.

Bí wọ́n bá fi ìdájọ́ lé mi lọ́wọ́, ẹjọ́ ará Pólàndì ló lágbára jù, torí ráàlì tó ti wà láti 1921 yẹ lẹ́ni tí à ń bi léèrè kí a tó mú orúkọ àdúgbò rẹ̀ lò. Ti Họ́ngárì kò fi bẹ́ẹ̀ wọ̀ mí létí. Wọ́n ti lo orúkọ náà tiwọn ní 2008, kò sẹ́ni tó bá wọn jà. Èmi ìbá kàn sọ ráàlì yìí ní Passau, bí Monte-Carlo ṣe ń jẹ́ orúkọ ìlú rẹ̀, kí kálukú máa bá ilẹ̀ rẹ̀ lọ. Mo sọ èyí létí ọ̀kan nínú àwọn tó ń bá wọn ṣètò ọ̀nà ní apá Ṣẹ́ẹ̀kì. Ó wò mí títí, ó ní, “Ẹ̀yin ẹ wá sọ fún gómìnà ẹkùn wa pé kó fowó sílẹ̀ fún ráàlì Passau.”